Ìbéèrè Táwọn Èèyàn Wa Máa Ń Bi Mí Lórí Wíwá Ìtàn Ìlú Òkun Nínú Láíbìrì àti Ákáífù

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé, àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí tí wọ́n ń pè ní Òkun. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní pè mí láti Kàbà, láti Ìsánlú, láti Mọ̀pà, nígbà míì láti Èkó tàbí London, pé òun fẹ́ mọ ìtàn ìlú òun, pé ibo lòun ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn wá ìwé, tí mò ń bá wọn kà á, ìbéèrè kan náà ló sì ń padà wá, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí kẹ́ni tó bá fẹ́ lọ lè kà á kó tó wọ mọ́tò. Ákáífù tí mo máa ń dárúkọ, ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí ni. Ó yàtọ̀ sí láíbìrì torí pé nínú láíbìrì ẹ ó rí ìwé tí wọ́n tẹ̀, nínú ákáífù ojúlówó lẹ́tà àti fáìlì lẹ máa rí, ẹyọ kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ ayé.

Ṣé ó dìgbà tí mo bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kí wọ́n tó gbà mí wọlé?

Rárá o. Ẹnikẹ́ni ló lè lọ. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà Ìyàrà ti bá mi lọ Kàdúná rí, bàbá rẹ̀ ṣe dógárì, ìyẹn ọlọ́pàá ìbílẹ̀, láyé NA (Native Authority, ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó), ó kàn fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí orúkọ bàbá náà nínú ìwé ìjọba ni. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání, ẹ mú lẹ́tà kan tó sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ àti ohun tẹ́ ẹ ń wá (látọ̀dọ̀ ọba ìlú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ilé ìwé yín), wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù, ẹ ó san owó díẹ̀, ó parí. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó gbéra torí iná lè má sí, tàbí kí wọ́n wà lórí ìyanṣẹ́lódì, ọ̀nà Kàdúná ò sì ṣe é fi ṣeré.

Ibo gan-an ni ìwé nípa ìlú wa wà?

Ibí yìí ni mo ti máa ń pẹ́ jù pẹ̀lú àwọn èèyàn torí ìdáhùn rẹ̀ ò sí lójú kan. Ìjọba tó ń ṣàkóso wa ń yí padà, gbogbo ìgbà tó bá sì yí padà ni ìwé rẹ̀ ń ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kó tó di 1900 ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ló ń pàṣẹ lórí Odò Ọya, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1900 ni Lugard ta àsíá òyìnbó ní Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn náà a di Kabba Province lábẹ́ Àríwá, ní 1967 a bọ́ sí Kwara, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991 la di Kogí. Torí náà ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ọdún wo ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń wá ṣẹlẹ̀, ọdún yẹn ló máa sọ ìlú tẹ́ ẹ máa wọ mọ́tò lọ.

Tó bá jẹ́ àsìkò òyìnbó, Kàdúná ni. Ẹ jẹ́ kí n pariwo eléyìí dáadáa torí ó ti ba owó ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́: àwọn ará wa máa ń sáré lọ Ìbàdàn torí pé Yorùbá ni wá, wọ́n á lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n á padà wá sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan. Ákáífù àpapọ̀ ilẹ̀ wa ní ilé ńlá mẹ́ta, Ìbàdàn, Enugu àti Kàdúná. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló ṣe wàhálà rẹ̀ tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1954. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ ni ti Ìbàdàn, Àríwá ni ti Kàdúná, Àríwá la sì wà. Ní Kàdúná náà, Arewa House tó jẹ́ ilé Sàrdáúnà (Ahmadu Bello, olórí ìjọba Àríwá) tẹ́lẹ̀ ní ìwé tiẹ̀, ẹ má padà sílé láìdé ibẹ̀. Ìbàdàn wúlò lẹ́yìn ìyẹn o, torí fáìlì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní CSO wà níbẹ̀, láíbìrì yunifásítì náà sì ní ìwé táwọn ọmọ wa kọ fi gboyè láti ọdún pípẹ́.

Ti àsìkò Kwara, ẹ gba Ìlọrin lọ. Ti lẹ́yìn 1991, Lọ́kọ́ja. Ní Lọ́kọ́ja náà ẹ yà ní mùsíọ́ọ̀mù tó wà fún ìtàn àsìkò òyìnbó, kẹ́ ẹ sì rìn wọ ibi ìsìnkú àwọn òyìnbó, orúkọ àti ọdún tó wà lára òkúta níbẹ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ fún mi rí.

Ti ìjọ Ọlọ́run ò sí lọ́wọ́ ìjọba rárá. Ìwé CMS, àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, títí kan èyí tí Àjàyí Crowther àtàwọn èèyàn rẹ̀ kọ láti Gbẹ̀bẹ̀ àti Lọ́kọ́ja, wà ní yunifásítì Birmingham. SIM, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì mìíràn, ló wá sọ́dọ̀ àwa ará Yàgbà, 1908 ni Tommy Titcombe tó jẹ́ míṣọ́nnárì wọn dé Ẹ̀gbẹ̀, ìwé àwọn SIM sì wà lọ́dọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìpàdé ìjọ ṣì wà nílé níbí, nínú kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, ibi téku ń bímọ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kí ni mo máa ṣe kí n tó lọ?

Ẹ jókòó ti àgbà. Ẹni tó bá wọ ákáífù láìní orúkọ àti ọdún lọ́wọ́, òkùnkùn ló ń rìn. Àgbà ò ní fi kàlẹ́ńdà sọ̀rọ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa bá a yí i. Tó bá ní "ọdún tí àrùn inflúẹ́ńsà pa èèyàn", 1918 nìyẹn. Tó bá ní "Ogun Hitler", láàárín 1939 sí 1945. Tó bá ní ọdún tá a yí pọ́ùn sí náírà, 1973. Ẹ bi í pé ṣé wọ́n ti bí òun nígbà yẹn, ṣé òun ti ń lọ oko, ṣé òun ti lọ́kọ, ọ̀nà yẹn lẹ máa gbà rí ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ láìfi ìbéèrè ni àgbà lára.

Ẹ kọ orúkọ ọba tó wà lórí oyè sílẹ̀, orúkọ àdúgbò, orúkọ odò, orúkọ òkè táwọn baba yín sá gùn nígbà ogun Nupe. Ẹ kọ oríkì ilé yín pẹ̀lú. Oríkì ló sọ orúkọ ìlú tá a ti ṣí kúrò fún mi, ó wà nínú ìlà kan tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré tí mi ò mọ̀ pé ìlú ni wọ́n ń pè.

Wọ́n ní ìlú wa ò sí nínú ìwé atọ́ka. Ṣé òótọ́ ni?

Ó wà níbẹ̀, sípẹ́lì ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú torí pé ó máa ń jẹ́ bí ẹní wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Àkọ́kọ́, wọn ò to fáìlì náà sí orúkọ ìlú, ọ́fíìsì tó kọ ọ́ ni wọ́n fi tò ó. Kabba Province là ń jẹ́ lóòótọ́ àmọ́ Lọ́kọ́ja ni olú ọ́fíìsì wà fún ọdún púpọ̀, torí náà LOKOPROF ni wọ́n kọ sára àpò fáìlì wa. Ẹni tó bá ń wá K fún Kàbà á kọjá lára ẹrù rẹ̀. Èyí tí ọ́fíìsì Lọ́kọ́ja bá fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá Àríwá, SNP (Secretary, Northern Provinces) ni ẹ ó ti rí i. Ẹ̀yin ará Yàgbà tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn, ẹ wo ILORPROF náà, torí nígbà kan Ìlọrin ni wọ́n kó apá kan Yàgbà sí, mo mọ ẹni tó fi ọdún kan wá ìlú rẹ̀ nínú LOKOPROF kó tó yà sí ti Ìlọrin tó rí fáìlì mẹ́rin lọ́jọ́ kan.

Ìkejì, òyìnbó tó kọ ọ́ ò gbọ́ èdè wa. Ẹni tó ń túmọ̀ fún un lè jẹ́ Nupe tàbí Hausa, bó bá ṣe bọ́ sí etí ló fi ń kọ ọ́. Gbẹ̀bẹ̀ máa ń di Igbegbe, Nupe máa ń di Nufi nínú ìwé àwọn tó tètè dé, Ebira di Igbirra, Ọ̀wọ́rọ̀ á di Aworo níbì kan á tún di Oworo níbòmíì. Ẹ bọ́ àmì ohùn kúrò, ẹ pe orúkọ ìlú yín bí ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá ṣe máa pè é, kẹ́ ẹ kọ gbogbo bó ṣe lè jáde sórí ìwé kan, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ. Ẹ̀yin tí ìlú yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Òkè" tàbí "Odò", ẹ wá a láìsí i pẹ̀lú.

Kí ló dé tí wọ́n gba báàgì àti bírò lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà? Ṣé wọ́n rò pé olè ni mí?

Ẹ má bínú rárá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ayé nìyẹn. Bírò tó bá jò sórí ìwé 1912 ò ṣe é nù mọ́, pẹ́ńsùlù ṣe é nù. Ẹ mú pẹ́ńsùlù méjì àti ìwé tẹ́ ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ sí. Ẹ má mú omi tàbí ohun jíjẹ wọlé. Fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìwé inú rẹ̀ padà, ẹ má fi itọ́ sọ́wọ́ ṣí i (àwọn àgbà wa, ẹ dákun), ẹ fọ ọwọ́ yín kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni nǹkan ṣe ń lọ tí mo bá ti wọlé?

Wọ́n á gbé ìwé atọ́ka fún yín, ìwé ńlá tó to orúkọ àti nọ́ńbà fáìlì. Ẹ ka á jẹ́jẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù kékeré, ẹ dá nọ́ńbà yẹn kọ sínú ìwé tiyín náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á wọ inú lọ gbé e wá. Ó lè tó wákàtí kan. Ẹ má jókòó kàn máa wojú, ẹ fi àkókò yẹn bá àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń wá fún wọn bí ẹni ń sọ ìtàn, torí wọ́n ti rí fáìlì tí ò sí nínú ìwé atọ́ka kankan, ẹnu wọn ló wà.

Fáìlì tó jáde fún ìyá tí mo sọ yẹn, okùn funfun ni wọ́n fi dè é, páálí rẹ̀ ti gbẹ débi pé etí rẹ̀ ń já bọ́ sórí tábìlì bí ìpẹ́pẹ́ epo igi. Nínú rẹ̀ ni lẹ́tà tí wọ́n fi tapúrétà tẹ̀ wà, ajẹ́lẹ̀ kan tún fi pẹ́ńsùlù pupa kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ NA, orúkọ, ìlú, owó oṣù. Bàbá rẹ̀ ló ṣìkejìlá. Ìyá náà ò lè kàwé, èmi ni mo fi hàn án. Ó na ìka, kò fọwọ́ kan ìwé náà, ó dá ìka náà dúró lókè orúkọ yẹn ó sì pẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé owó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń san fún un lóṣù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní "Abájọ." Ó lé ní wákàtí méjì kó tó ṣàlàyé abájọ yẹn fún mi nínú mọ́tò, ọ̀rọ̀ ilé wọn ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ṣé mo lè ya fọ́tò pẹ̀lú fóònù?

Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó yà á, àwọn kan á ní kẹ́ ẹ sanwó lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa fílàṣì. Kẹ́ ẹ tó ya ojú ìwé inú, ẹ kọ́kọ́ ya ẹ̀yìn fáìlì níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà, torí tẹ́ ẹ bá délé pẹ̀lú fọ́tò 200 tẹ́ ẹ ò mọ fáìlì tí ìkọ̀ọ̀kan ti wá, ẹ ò ní lè tọ́ka sí i fún ẹnikẹ́ni, ẹ ó sì tún lọ. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun táwọn òyìnbó kọ nípa wa?

Rárá. Ẹ rántí ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́, owó orí ni. Ìwé tí ajẹ́lẹ̀ kọ nípa ìlú kan, ó ń ka ilé, ó ń ka ọkùnrin tó lè san owó, ó ń wá ọba kan tó máa máa bá ìjọba gbà á, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ó béèrè ìyẹn kó lè mọ ẹni tó máa fi ṣe olórí lórí ẹnì kejì. Àwọn baba wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlú rẹ̀ dá dúró á sọ pé tààrà ni wọ́n ti Ifẹ̀ wá, ẹni tó fẹ́ kí òmíràn wà lábẹ́ òun á sọ pé òun ló fún un nílẹ̀. Nígbà míì ẹnì kan ṣoṣo ni òyìnbó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ìlú ló sọ ọ́.

Wọn kì í béèrè lọ́wọ́ obìnrin. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù. Nínú ìlú tó jẹ́ pé obìnrin ló ń hun aṣọ, tó jẹ́ pé aṣọ yẹn ló ń mú owó wọlé, ẹ lè ka fáìlì tó nípọn bí búrẹ́dì kẹ́ ẹ má rí orúkọ obìnrin kan.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é, mo máa ń kà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n sọ nílé, àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìlú kejì sọ. Ibi tí ẹnu ọ̀tá méjì bá ti kò, mo máa ń gbà á. Ọmọ Ìfẹ̀-Ìjùmú ni Adé Ọbáyẹmí, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi ìmọ̀ wo ìtàn wa, òun náà ò gbójú lé ìwé nìkan, ó wa ilẹ̀ pẹ̀lú. Ihò àpáta kan wà ní Ìfẹ̀-Ìjùmú yẹn tí wọ́n ń pè ní Itaakpa, wọ́n rí egungun èèyàn níbẹ̀ tó ti lé ní 2,000 ọdún. Ìwé òyìnbó kankan ò sọ ìyẹn fún wa. Ilẹ̀ ló sọ ọ́.

A ń jà lórí oyè, ṣé mo lè fi ìwé ákáífù jẹ́rìí ní kóòtù?

Ó ṣe é ṣe, àmọ́ fọ́tò tẹ́ ẹ fi fóònù yà ò tó, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí tí wọ́n lù lóńtẹ̀ lẹ fẹ́. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n ka gbogbo fáìlì náà, kì í ṣe ojú ìwé tó dùn mọ́ wọn nínú, torí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà náà mọ ọ̀nà Kàdúná. Mo sì ti rí fáìlì tí ẹnì kan ya ojú ìwé kúrò nínú rẹ̀, ihò okùn náà ṣì wà níbẹ̀ ìwé ò sí mọ́. Ẹni tó ṣe é rò pé ìdílé kejì lòun jà lólè, ṣùgbọ́n ìtàn ọmọ tiẹ̀ náà wà lẹ́yìn ojú ìwé yẹn.

Ìyá ìyá bàbá mi làwọn Nupe kó lọ. Ṣé mo lè rí i?

Ìbéèrè yìí pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àwọn jagunjagun Bídà, olú ìlú Nupe, kó èèyàn wa lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà lóṣù Kìíní 1897, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí rìn padà wálé. Orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣọ̀wọ́n nínú ìwé, mi ò ní tan yín jẹ. Ibi tí mo ti rí i jù ni ìwé ìrìbọmi àwọn ìjọ tó tètè dé Lọ́kọ́ja, torí níbẹ̀ wọ́n máa ń kọ orílẹ̀ tí èèyàn ti wá, àti àkọsílẹ̀ kóòtù àtijọ́ níbi tí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ti dìde sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ má sì fojú kéré orúkọ ilé. Ilé tó bá ní ọmọ tó ń jẹ́ Àbọ̀dé tàbí orúkọ mìíràn tó ń sọ pé ẹnì kan padà dé, ẹ béèrè pé ta ló dé, láti ibo.

Mo ní fọ́tò àti ìwé bàbá àgbà nínú àpótí. Ṣé kí n fún láíbìrì?

Ẹ fún wọn ní ẹ̀dà ná, kẹ́ ẹ di ojúlówó mú títí tẹ́ ẹ fi mọ ibi tó ń lọ. Fọ́tò ìgbéyàwó bàbá mi, ẹnì kan tó ní òun ń kọ ìwé nípa ìlú wa ló yá a, èmi ni mo gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ mi, mi ò gba ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀, títí dòní mi ò tún fojú rí i. Ìyá mi ṣì ń béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan yín, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀: kí ló gbà, ọjọ́ wo ló máa dá a padà, ta ló máa ni í tí kò bá padà. Láíbìrì gidi ní fọ́ọ̀mù fún ìyẹn, wọn kì í bínú tẹ́ ẹ bá béèrè rẹ̀.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nílé: ẹ má ṣe láminéètì sí i. Mo bẹ̀ yín. Ooru ẹ̀rọ yẹn ń se ìwé àtijọ́ ni, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè bọ́ ọ kúrò láìya á. Ẹ má fi sẹ́lótéépù lẹ ibi tó ya. Ẹ má kọ nǹkan sẹ́yìn fọ́tò pẹ̀lú bírò, pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ lónìí nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà, torí fọ́tò tí ò ní orúkọ, lẹ́yìn ogún ọdún àwòrán àlejò ni. Àpótí irin dára ju ti pákó lọ nítorí ikán, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ jìnnà sí ògiri tó ń fa omi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya ẹ̀dà rẹ̀, skánà 300 dpi tó fún ìwé, 600 fún fọ́tò. Ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó wà nílùú míì.

Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? A ní ohùn ìyá àgbà lórí kásẹ́ẹ̀tì.

Ha, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo teepu náà lójú fèrèsé kékeré rẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí funfun bí ìyẹ̀fun lórí rẹ̀, ó ti bu nìyẹn, rédíò á jẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà lẹ́yìn orí kásẹ́ẹ̀tì náà kí ẹnikẹ́ni má bàa gba ohùn mìíràn lé e. Ẹ ti bírò onígun mẹ́fà bọ ihò rẹ̀, ẹ fi yí i síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí á fi tú ara rẹ̀ ká, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó mọ́ tó lè gbé e wọ kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kó fún yín ní WAV, kó tún fún yín ní MP3 tẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tẹ́ ẹ bá wá ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, tó bá jẹ́ Owé, èdè àwọn ará Kàbà, ló sọ ẹ kọ Owé, tó bá jẹ́ Yàgbà ẹ kọ Yàgbà, ẹ má bá mi sọ ọ́ di Yorùbá Ọ̀yọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń kú lọ ní ẹnu wa wà nínú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gba ohùn àgbà tó ṣì wà láàyè, ẹ gbàṣẹ, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe, ohun tó bá ní kò yẹ kí obìnrin tàbí ògbẹ̀rì gbọ́, ẹ pa ẹ̀rọ.

Ohun tí kì í ṣe ìwé ńkọ́, bí aṣọ ìpò?

Ó jẹ́ ìtàn gan-an. Aṣọ ìpò tí wọ́n hun ní Bùnú, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sìnkú ẹni ńlá, mùsíọ́ọ̀mù Ìlú Ọba tó wà ní London ní irú rẹ̀, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan náà ti wá gbé láàárín àwọn ará Bùnú tó kọ odindi ìwé lórí aṣọ wọn. Tẹ́ ẹ bá ní i nílé, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má ká a sí ojú kan náà lọ́dọọdún torí ojú ìká yẹn ló máa gé. Ẹ̀yin tó sún mọ́ Ògìdì, ilé iṣẹ́ ọnà tí Nike Okundaye dá sílẹ̀ níbẹ̀ ṣì ń fi iṣẹ́ aṣọ hàn, ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ rí bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é.

Ilẹ̀ òkèèrè ni mo wà, ṣé mo lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Díẹ̀. Ìwé ìrìnàjò tí Crowther kọ nípa 1841 àti 1854 ti dàgbà kọjá òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ẹ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive, ẹ kàn wá orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ lẹ máa rí oko tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja ní 1841 lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Àttá, ọba Ígálà, tí àrùn lé wọn kúrò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà ní Ìlú Ọba, ẹ̀yin lẹ ríre jù o: ìwé Lugard wà ní Oxford, ìwé ìjọba Northern Nigeria wà ní ákáífù ìjọba Ìlú Ọba ní Kew, London, lábẹ́ nọ́ńbà CO 446, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín láti kà á. Ẹ bá àwa tá a wà nílé ya tiwa wá. Fáìlì Kàdúná ní tiẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ṣé mo lè tẹ ohun tí mo rí jáde nínú ìwé ọdún ìlú wa?

Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ní ti ìwé tí ẹnì kan kọ, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 ní ó di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kó tó di ti gbogbo ayé, kó tó dìgbà náà ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí àwọn ọmọ rẹ̀.

Wọ́n ní "fáìlì ò sí níbi tó yẹ kó wà." Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ má tíì lọ sílé. Ẹ ní kí wọ́n wo fáìlì tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n máa ń ṣi àyè gbé e sí. Ẹ wo bóyá ẹ̀dà lẹ́tà náà wà nínú SNP, torí ohun tí Lọ́kọ́ja bá kọ sókè, òkè máa ń tọ́jú tiẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan ń lò ó lọ́wọ́. Tí kò bá sí níbì kankan, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ béèrè rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mo ní ìwé kan tí mo ń kọ wọ́n sí. Fáìlì kan nípa Bùnú wà nínú rẹ̀ tá a béèrè lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n ní kò sí. Nígbà kẹrin, òṣìṣẹ́ tuntun ni wọ́n rán lọ sínú, ó gbé e jáde, eruku bò ó, ó ní abẹ́ àpótí àwọn máàpù lòun ti rí i.